Ohùn Màmá Wà Nínú Páálí

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí jọra: ìyá tó ń kọ́ni lórin ti lọ, àwọn ọmọ ń wo ẹrù tó fi sílẹ̀, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò ti dì í mú. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò. Kásẹ́ẹ̀tì la dáhùn lé jù, torí òun ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 34 ni màmá wa fi kọ́ni lórin, nílé ìwé àti nínú ìjọ. Lẹ́yìn ìsìnkú la rí páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn: kásẹ́ẹ̀tì bí 40, ohùn wọn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Nǹkan funfun ti hù sára àwọn kan. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní ká kì wọ́n bọ rẹ́díò àtijọ́ tó wà ní pálọ̀, ká fi gbọ́ wọn lọ́jọ́ ìrántí ọdún kan. Ẹ̀rù ń bà mí. — Àbúgbẹ̀yìn obìnrin, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀rù yín tọ̀nà. Ẹ bá wa bẹ ẹ̀gbọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Rẹ́díò tí ẹnikẹ́ni ò tàn láti bí ọdún 10, rọ́bà dúdú kékeré tó ń fa tépù nínú rẹ̀ á ti le, tàbí kó ti máa yọ́. Ìyẹn ló máa ń fa tépù jáde tí á fi lọ́ mọ́ra bí ìfun adìẹ. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó bá já síbẹ̀, ó tó láti ba ọjọ́ ìrántí jẹ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ná. Ike pẹlẹbẹ méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ ojú A sí ara yín, tí ibi tí tépù ti hàn wà nísàlẹ̀, ti ọwọ́ òsì ló ń ṣọ́ ojú A. Ẹ fi sùkúrùdíráfà kékeré ṣẹ́ méjèèjì. Láti ìgbà náà lọ, bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀ kò ní lè wọlẹ̀ mọ́, ọmọ kan ò sì ní ṣèèṣì gba orin fújì lé màmá lórí.

Àwọn tó hu nǹkan funfun, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n má ran àwọn tó kù. Ẹ má sá wọn sóòrùn. Oòrùn á ká ike kò, á sì ká tépù náà kò. Ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kí ẹ tẹ́ wọn sí, bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ dúró de ọyẹ́: afẹ́fẹ́ oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́ á gbẹ wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ti gbẹ tán, funfun náà á di ìyẹ̀fun. Ẹ bo imú, ẹ gbé e síta ilé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò. Bó bá ti wọ inú lọ, èyí tí wọ́n fi sùkúrù 5 dè ṣeé tú. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ wo àárín ibi tí tépù ti ń kọjá. Ẹ ó rí tìmùtìmù kékeré kan lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀. Òun ló ń ti tépù mọ́ orí ẹ̀rọ. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń gbẹ, á sì jábọ́. Bó bá ti jábọ́, ohùn á lọ sísàlẹ̀, á dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò, àwọn èèyàn á sì rò pé tépù ló ti kú. Tépù ò kú o. Ẹ yọ tìmùtìmù lára kásẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò, ẹ fi rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ kó tépù náà látòkèdélẹ̀ sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ní sùkúrù.

Ṣáájú kí ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ ti báírò onígun 6 bọ ihò rẹ̀, ẹ yí i díẹ̀ kó lè fún. Lẹ́yìn náà, ẹ sáré rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tépù tó jókòó sójú kan fún ogún ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ìyẹn ló ń tú u. C60 jẹ́ ìṣẹ́jú 30 lójú kọ̀ọ̀kan, C90 jẹ́ 45. Bí ẹ bá rí C120, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, torí tépù inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, òun ló sì ń yára já.

Ẹ wá ẹ̀rọ tó ní ihò tí wọ́n kọ LINE OUT sí. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú isopropyl alcohol (wọ́n ń tà á nílé oògùn) nu orí ẹ̀rọ àti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rọ́bà dúdú náà, omi ọṣẹ díẹ̀ ló fẹ́. Sípírítì á mú kó sán. Kásẹ́ẹ̀tì 5-5 ni kí ẹ máa nù ún, àyàfi àwọn tó hu funfun: ẹ nù ún lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orin tí ẹ ò kà sí nǹkan kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ wò, kì í ṣe ti màmá.

Ihò máíkì ara láàpútọ́ọ̀pù kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ohùn ẹ̀yìn ẹ̀rọ lágbára jù fún un, á fọ́ ọ. Ẹ ra ohun ìsopọ̀ USB tó ní LINE IN. Ẹ lo Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan 44,100 Hz, 16-bit, WAV nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohùn tó ga jù dúró ní bíi -6 dB, kó má kan òdo. Ìṣẹ́jú kan á gbà tó MB 10, C60 kan á gbà bíi MB 630. Kásẹ́ẹ̀tì 40 á lọ bíi GB 25, bí C90 bá pọ̀ nínú wọn á súnmọ́ 40. Fíláàṣì GB 64 méjì ni kí ẹ rà, kí ọ̀kan má sí nínú ilé yín rárá. MP3 ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp. WAV ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí láàpútọ́ọ̀pù fi bátìrì ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó gbọ́ ariwo hùùù kan lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì fi irinṣẹ́ tó ń mú ariwo kúrò fọwọ́ kan ojúlówó. Ó ń mú ariwo lọ lóòótọ́, ó sì ń mú èémí wọn lọ pẹ̀lú.

Olùkọ́ orin sábà máa ń gbá irin ìwọ̀n ohùn (tuning fork), tàbí kó fọn fèrè kékeré, kó tó mú orin. Ẹ tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ tépù dáadáa. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ti rí wúrà. Irin A wọ́pọ̀ jù, 440 Hz ló sì yẹ kó jẹ́. A sábà máa ń kọ lẹ́tà rẹ̀ sára rẹ̀, ẹ wá a nínú àpótí wọn. Bó bá jáde ní 415, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ ọ ń lọ́ra, tàbí èyí tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ló sáré jù, ohùn wọn ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ohùn. Ẹ fi Audacity dá eré tépù padà sí 440, ohùn màmá á sì bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti rò pé ohùn ìyá wọn wúwo bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni.

Èyí tó kù kò gba ẹ̀rọ. Ẹ pe àwọn tó kọrin nínú rẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n dárúkọ ohùn tí wọ́n mọ̀. Ọdún márùn-ún sí i, ẹni tó lè ṣe é lè má sí mọ́.

Mo fẹ́ kọ orin fún ìrántí ìyá mi, olùkọ́ orin ni wọ́n. Mo fi ohùn d d r bẹ̀rẹ̀: “Ìyá mi, olùkọ́ orin”. Ẹsẹ̀ kejì: “Wọ́n kọ́ wa ní dò-re-mí”. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní kí n má jẹ́ kí ìjọ gbọ́ ọ, pé ọ̀rọ̀ náà ti dà rú. Kí ló rí? — Ọmọ Màmá, Ìpẹru-Rẹ́mọ

Ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Ìyá: ohùn ìsàlẹ̀ ni ì, ohùn òkè ni yá. Nínú orin yín, ì wà lórí d, yá náà wà lórí d, mi wá gun r. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, “ìyà” nìyẹn. Ẹ̀ ń kọ “ìyá mi”, ìjọ ń gbọ́ “ìyà mi”. Ẹsẹ̀ kejì tún burú jù. “Kọ́ wa”, láti òkè ló ń sọ̀ kalẹ̀. D r yín ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, “kọ̀ wá” ló sì ń jáde. Obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ, ẹ ti wá ń kọrin pé wọ́n kọ̀ yín.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le. Dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa lóhùn ọ̀rọ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ fi àmì sí i, ẹ kà á sókè láìkọrin, kí ẹ tó wá ohùn. “Ìyá mi, olùkọ́ orin” jẹ́ ìsàlẹ̀ òkè àárín, àárín ìsàlẹ̀ òkè àárín àárín. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: s₁ r d, d l₁ r d d (s₁ àti l₁ ni s àti l tó wà nísàlẹ̀ d). Ẹ wo bí yá ṣe fò. Àlàfo láti d sí r kò tó láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí orin bá ń yára. Ó kéré tán, l₁ sí d. Ohùn àárín méjì lè dúró sójú kan. Ìparí gbólóhùn lè rọra sọ̀ kalẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tí etí ń wò ni bí sílébù kan ṣe rí sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe ga tó.

Ẹ wá wo ẹsẹ̀ kejì. “Wọ́n kọ́ wa” jẹ́ òkè òkè àárín: r r d. Kò bá s₁ r d ti ẹsẹ̀ kìíní mu. Bí ẹ bá fi tipátipá wọ̀ ọ́, Wọ́n á ṣubú. Ibí ni ọ̀pọ̀ orin tí àwọn ọmọ kọ fún òbí ti ń bàjẹ́: ẹsẹ̀ kìíní á dùn bí oyin, láti ẹsẹ̀ kejì lọ, ọ̀rọ̀ ò yé ẹnikẹ́ni mọ́, torí orin òyìnbó ní ohùn kan fún gbogbo ẹsẹ̀, èdè wa kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Thomas Ekundayo Phillips, tó ta dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Christ ní Marina l'Ékòó, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1953.

Lílé àti ègbè ni ọ̀nà àbáyọ. Ègbè ní ọ̀rọ̀ kan àti ohùn kan, kò ní yí padà. Ẹni tó ń lé e ló máa yí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀. Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọsà níhìn-ín, lílé àti ègbè báyìí ló fi ṣe orin eré rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣe ti ìjọ ní 1944. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ ohùn mẹ́rin o. Sópúránò lè gun òkè lórí “ìyá”, kí báàsì máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, bí ìwé ohùn òyìnbó ṣe kọ́ni. “Ìyá” ni apá kan ń kọ, apá kejì ń kọ nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ohùn gòkè pọ̀ níbẹ̀, tàbí kí báàsì máa kùn, tàbí kí gbogbo yín kọ ọ̀rọ̀ náà ní ohùn kan ṣoṣo, kí ẹ pín padà sí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé ẹ̀kọ́ orin màmá mi kún àpótí méjì, d r m nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì kóló àti fúlsítọ́ọ̀pù. A ò lè kà á. Ikán ti jẹ etí àwọn kan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ike lámínéètì bò wọ́n. — Akọ́bí, Ṣàgámù

Ẹ má fi ike bò ó. Ooru tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ kò ṣeé tú mọ́, omi tó bá sì ti wà nínú pépà á wà nínú rẹ̀ títí. Sẹ́lótéèpù náà, ẹ gbàgbé rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ á pọ́n, á sì fa tádà kúrò. Ẹ yọ píìnì tó ti dípẹtà. Ẹ to ìwé náà sínú páálí gbígbẹ tí kò kan ògiri, lórí tábìlì, kì í ṣe ilẹ̀. Káńfọ̀ díẹ̀ nínú aṣọ, kó má kan pépà. Ikán láti ilẹ̀ ló ń wá, ẹ wo ẹsẹ̀ tábìlì náà lóṣooṣù.

Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan ṣáájú ohun gbogbo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní bí aago mẹ́wàá àárọ̀, láìtan iná fóònù. Kí fóònù dúró tààrà lórí ìwé. Bó bá yẹ̀, ìlà ohùn mẹ́rin kò ní gún mọ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ wà.

Sólfà ni orúkọ ìkọ̀wé d r m yìí, bí a ṣe ń kà á nìyí. John Curwen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, lórí ohun tí Sarah Glover ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wo ìlà yìí:

| d : m | s : – | l . s : m | d : – ||

Ìlà gígùn wà ṣáájú ìlù tó wúwo. Kóló wà ṣáájú èyí tó fúyẹ́. Dáàṣì ní kí ohùn tó ṣáájú máa bá a lọ. Àyè òfo ni ìdákẹ́jẹ́. Fúlsítọ́ọ̀pù pín ìlù kan sí méjì, kọ́mà pín in sí mẹ́rin. Nítorí náà d jẹ́ ìlù 1, m jẹ́ 1, s jẹ́ 2, l àti s pín ìlù 1, m jẹ́ 1, d jẹ́ 2. Ẹ fọwọ́ lu orí tábìlì kí ẹ tó kọ ọ́. s₁ ni s ìsàlẹ̀, d' ni d òkè. fe ni f tó gòkè ní ìdajì, ta ni t tó sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì. Ohun tí wọ́n kọ sókè, “Doh is G” tàbí irú rẹ̀, ni ibi tí d wà lórí dùùrù.

Níbi tí ọ̀pọ̀ adàwékọ ti ń ṣìnà ni ibi tí orin ti yí kíì, ìyẹn ibi tí d ti kúrò lọ sórí ohùn mìíràn. Ẹ ó rí lẹ́tà tíńtín kan lókè, lápá òsì lẹ́tà ńlá: ˢd. Kì í ṣe àṣìkọ. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ kọ ohùn tí ẹ ti ń pè ní s, ṣùgbọ́n ẹ pè é ní d láti ibí lọ. Ẹni tó bá fo lẹ́tà tíńtín yẹn, gbogbo orin rẹ̀ látibẹ̀ á já sí ilé onílé.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lo Courier New, nínú èyí tí gbogbo lẹ́tà ti fẹ̀ dọ́gba. Pẹ̀lú lẹ́tà mìíràn, m á gba àyè ju l lọ, kóló ohùn mẹ́rin kò ní bára mu, akọrin ò sì ní mọ ẹni tó yẹ kó dúró de ta ni. Ẹ jẹ́ kí àmì tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ wà nínú fọ́tò, pàápàá “ẹ mí níbí”. Iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn.

Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ìyá wa wà ní pálọ̀. Ohùn kan ń dún fúnra rẹ̀, àwọn kan ò dún rárá. Ẹnìkan ní ká da epo sí i. — Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ má da epo sí i. Epo àti eruku á di ẹrẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà 10 láìtẹ eyín kankan, kí ẹ dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ lójú ẹsẹ̀, ẹwìrì ti jò. Eku ló sábà máa ń jẹ aṣọ rẹ̀, ẹ wo igun rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dúró, ẹwìrì dára, ìyókù wà lókè.

Èyí tó ń dún fúnra rẹ̀, lásìkò òjò ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, torí igi ti wú, eyín kan ò sì padà sókè. Ẹ dúró de ọyẹ́ kí ẹ tó gé igi kankan, ó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tí kò dún, eruku tíńtín ló há sí abẹ́ ahọ́n idẹ rẹ̀. Wọ́n á fi ìkọ́ fà á jáde, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ họ ọ́: bí wọ́n bá họ ṣóńṣó rẹ̀, ohùn á gòkè, bí wọ́n bá họ ìdí rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì lè lẹ idẹ padà.

Ẹ gbé fọ́tò màmá kúrò lórí dùùrù nígbà tí ẹ bá fẹ́ ta á. Gíláàsì fọ́tò máa ń dá ohùn kan pàtó lóhùn, á máa gbọ̀n jìnnì, ẹ ó sì rò pé ahọ́n kan ló bàjẹ́. A mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń gbé e sí.

Àwa ọmọ ilé ìwé tí màmá kọ́ ní 1970 sí 1985 fẹ́ kọrin níbi ìrántí. Orin mélòó la lè kọ ní wákàtí kan, kí la sì máa ṣe sí ohùn tó ti lọ? — Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, Ìkẹ́nnẹ́

Orin 8, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin ìjọ onẹ́sẹ̀ 4 ń gba ìṣẹ́jú 3 sí 4, dídìde, jíjókòó àti ọ̀rọ̀ olóòtú ètò á jẹ ìyókù. Ìgbaradì 5, ọ̀kan lọ́sẹ̀, tó sàn ju ọjọ́ 2 gbáko lọ, torí ohùn tó ti rẹ̀ kò ní gbọ́ràn.

Ohùn yín kò lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ ni. Ọmọbìnrin tó kọ sópúránò ní ọdún 14 ti lé ní 50 báyìí. D' ní kíì G ti di òkè fún un. Bí màmá bá kọ “Doh is G”, ẹ mú un ní E. Lẹ́tà kan kò ní yí padà nínú ìwé, ohun tí sólfà fi dára nìyẹn. Ẹ kan rí i pé báàsì ṣì dé ohùn rẹ̀ tó kéré jù; bí kò bá dé e, ẹ gbé e sí F, kí sópúránò fara dà á. Kí ẹ sì bẹ àwọn onígbohùngbohùn pé kí wọ́n má gbé máíkì kan ka iwájú ẹni tó ń pariwo jù. Máíkì 2, ní ìwọ̀n mítà 2 sí iwájú ẹgbẹ́, ló tó.

Ìjọ fẹ́ tẹ orin tí màmá wa fúnra wọn kọ sínú ìwé. Ṣé ẹ̀tọ́ wa ni ká mọ̀ sí i? — Òdogbolú

Ẹ̀tọ́ yín ni. Òfin Copyright ti 2022 dáàbò bo orin títí di ọdún 70 lẹ́yìn ìparí ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú, ẹ̀tọ́ náà sì jẹ́ ti àwọn tó jogún rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ gba ìjọ láyè láti tẹ̀ ẹ́, orúkọ màmá á wà lókè orin kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ gbà á sí rẹ́kọ́ọ̀dù á tún padà wá bá yín. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ilé ìwé gbà wọ́n fún ni wọ́n ti kọ àwọn kan nínú rẹ̀, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

A fẹ́ kọ ìlà sólfà kan sára òkúta sàréè wọn. — Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Ìlà kan, ìwọ̀n orin (àlàfo láàárín ìlà gígùn méjì) 2 sí 4, pẹ̀lú “Doh is” tó wà ṣáájú rẹ̀. Agbẹ́kùúta kò mọ̀ pé kóló àti fúlsítọ́ọ̀pù yàtọ̀, wọ́n máa ń rò pé ihò òkúta ni. Ẹ yà á sórí pépà ní ìwọ̀n tó máa wà lára òkúta gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, kó kọ ọ́ jáde níwájú òkúta náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ẹfun fa ìlà rẹ̀, ṣáájú kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Àmì tíńtín tó wà lórí d' ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, ìparí orin wọn á já lulẹ̀, gbogbo ẹni tí màmá kọ́ ló sì máa mọ̀.